Gílóòbù Kan, Súwíìṣì Méjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ṣùgbọ́n ojú kò lè ṣọ́ orí, kò sì lè ṣọ́ ẹsẹ̀, bí ibi tí ènìyàn ń tọ̀ bá ṣókùnkùn. Ní ilé ilẹ̀, ẹni tí ó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn lè fi orúnkún gbá àpótí, kí ó sì máa ráhùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀ràn náà kì í sábà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tàsé àtẹ̀gùn kan ṣoṣo lè bá ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú egungun tí ó ti ṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ arúgbó, egungun náà lè má jinná dáadáa mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ́ ilé alájà kò gbọdọ̀ ka ìmọ́lẹ̀ orí àtẹ̀gùn sí ẹ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀ràn ẹ̀mí ni.

Kí iná mànàmáná tó dé, àtùpà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ní alẹ́. Àtùpà kò mọ́lẹ̀ tó gílóòbù. Èéfín rẹ̀ a máa sọ ìgò rẹ̀ di dúdú, epo inú rẹ̀ a sì máa tán ní ọ̀gànjọ́. Síbẹ̀, ó ní ìwà rere méjì. Ìwà kìíní ni pé ó ń bá ẹni tí ó gbé e lọ sí ibikíbi: bí ó bá gun òkè, ìmọ́lẹ̀ gùn ún pẹ̀lú rẹ̀; bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìwà kejì ni pé irin kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a fi ń fa òwú rẹ̀ sókè tàbí tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń kàwé a fa òwú sókè. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà jí ọmọ náà, kí òkùnkùn má sì bo ilé pátápátá.

Ní ọdún 1845 ni àwọn òyìnbó ajíyìnrere parí ilé kan ní Àgbádárìgì, èyí tí a mọ̀ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 1896 ni a kọ́kọ́ ṣe iná mànàmáná ní ìlú Èkó. Nígbà tí ohun méjèèjì wá pàdé, tí a gbé gílóòbù kọ́ sí òkè àjà ilé alátẹ̀gùn, àwọn ènìyàn rí i pé ìmọ́lẹ̀ tuntun yìí ti gbàgbé ìwà rere méjèèjì tí àtùpà ní. Gílóòbù kò lè bá ẹnikẹ́ni rìn. Ibi tí a bá gbé e kọ́ ni ó ń wà. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìwọ̀n. Bí kò bá mọ́lẹ̀ tán, á kú tán. Ọgbọ́n méjì ni àwọn onímọ̀ dá láti dá ìwà méjèèjì padà fún un. Èkíní ni súwíìṣì méjì tí ó ń ṣe àkóso gílóòbù kan; èkejì ni súwíìṣì tí ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní dímà. Ọgbọ́n méjèèjì lè gbé pọ̀ nínú ilé kan, àní lórí gílóòbù kan náà, ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ẹni tí yóò pa wọ́n pọ̀ gbọdọ̀ mọ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ súwíìṣì lásán. Iná mànàmáná kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ó bá rí ọ̀nà lọ, tí ó sì rí ọ̀nà padà. Wáyà tí ó ń gbé e wá ni à ń pè ní láífù. Wáyà tí ó ń gbé e padà ni à ń pè ní níútírà. Súwíìṣì dà bí afárá tí a ṣe sí ojú ọ̀nà láífù. Bí a bá tẹ súwíìṣì kí iná tàn, afárá náà sọ̀ kalẹ̀, iná sì kọjá lọ bá gílóòbù. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ kí iná kú, afárá náà gbéra, ọ̀nà sì gé. Ojú láífù ni a ń fi afárá náà sí, a kì í fi í sí ojú níútírà. Nítorí bí a bá gé níútírà nìkan, gílóòbù yóò kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná yóò ṣì dúró sí ẹnu ibi tí a ń ki gílóòbù bọ̀, yóò máa retí ìka ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Wàyí o, bí afárá bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹni tí ó fẹ́ lọ sùn ní òkè yóò tan iná ní ìsàlẹ̀, yóò sì gòkè nínú ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé òkè, kò lè pa iná náà mọ́. Ohun méjì ni ó kù fún un: kí ó fi iná sílẹ̀ kí ó máa jó owó títí di òwúrọ̀, tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ pa á, kí ó sì tún fi ọwọ́ wá ọ̀nà gòkè nínú òkùnkùn. Bí a bá sì sọ pé kí a ṣe súwíìṣì lásán méjì, ọ̀kan ní òkè, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ léra lójú ọ̀nà kan náà, àwọn méjèèjì ni yóò gbọdọ̀ gbà kí iná tó tàn. Ẹni tí ó wà ní òkè bá pa tirẹ̀, ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ yóò tẹ súwíìṣì títí, kò ní rí nǹkan kan.

Irú súwíìṣì tí ó yanjú ọ̀ràn yìí ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní túwéè. Súwíìṣì lásán ní ojú ibi méjì tí a ń so wáyà mọ́. Túwéè ní mẹ́ta. Lára ọ̀pọ̀ wọn, a kọ COM sí ojú kan, a kọ L1 sí èkejì, a sì kọ L2 sí ẹ̀kẹta. Nítorí ojú mẹ́ta yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pe súwíìṣì kan náà ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ọlọ́nà mẹ́ta, nígbà tí àwọn ará Bìrìtìkó ń pè é ní ọlọ́nà méjì. Ẹni tí ó bá ra èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá, kí orúkọ má ṣe dà á lójú rú.

Kí iṣẹ́ rẹ̀ lè yéni, kí a fi í wé ọ̀nà tí arìnrìn-àjò ń tọ̀. Ọ̀nà kan jáde láti ìlú, ó dé oríta kan, ó sì pín sí méjì: ọ̀nà ọ̀tún àti ọ̀nà òsì. Ọ̀nà méjèèjì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi dé oríta kejì, níbẹ̀ ni wọ́n ti tún di ọ̀kan, tí wọ́n sì wọ inú ọjà. Oníbodè kan wà ní oríta kọ̀ọ̀kan. Oníbodè kò lè ti ọ̀nà méjèèjì pa, kò sì lè ṣí méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ṣí ọ̀tún, òsì tì. Bí ó bá ṣí òsì, ọ̀tún tì. Ìlú ni ibi tí iná ti ń wá, ọjà ni gílóòbù, arìnrìn-àjò ni iná, àwọn oníbodè sì ni súwíìṣì méjèèjì. COM ni ojú ọ̀nà tí ó jẹ́ ọ̀kan. L1 àti L2 ni ojú ọ̀nà ọ̀tún àti ti òsì.

Bí àwọn oníbodè méjèèjì bá ṣí ọ̀nà ọ̀tún, arìnrìn-àjò yóò kọjá, iná yóò sì tàn. Bí àwọn méjèèjì bá ṣí ọ̀nà òsì, yóò kọjá bákan náà. Ṣùgbọ́n bí oníbodè ìsàlẹ̀ bá ṣí ọ̀tún, tí ti òkè sì ṣí òsì, arìnrìn-àjò yóò rìn títí dé oríta kejì, yóò sì bá ẹnu ọ̀nà ní títì. Iná kò ní tàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí bí ti ìsàlẹ̀ bá ṣí òsì, tí ti òkè sì ṣí ọ̀tún. Nítorí náà, bí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan, iná ń tàn. Bí wọ́n bá takora, iná ń kú. Ẹ̀wà ọgbọ́n yìí ni pé oníbodè yòówù tí ó bá yí ọwọ́ padà, ó ti yí ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀ padà ná. Bí wọ́n bá ti ń fohùn ṣọ̀kan, wọn yóò takora. Bí wọ́n bá ti ń takora, wọn yóò fohùn ṣọ̀kan. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè tan iná ní ìsàlẹ̀, kí ó pa á ní òkè, kí ẹlòmíràn sì tún un tàn láti ibi tí ó bá wù ú. Ìdí náà sì nìyí tí kò fi sí ibi tí a lè kọ «tan» tàbí «pa» sí lára súwíìṣì bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lè wà ní òkè tàbí ní ìsàlẹ̀, kí iná sì wà ní títàn.

Bí ilé bá ní àjà mẹ́ta, tàbí tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá gùn tí ó sì ní ilẹ̀kùn púpọ̀, a lè fi súwíìṣì kẹta sí àárín. Èyí kì í ṣe túwéè. Ojú mẹ́rin ni ó ní. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ lọ́nà kan, ọ̀nà ọ̀tún ń bá ọ̀tún lọ, òsì ń bá òsì lọ. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lọ́nà kejì, ó ń dábùú wọn, ọ̀tún di òsì, òsì sì di ọ̀tún. Ẹni tí ó bá ronú sí àpèjúwe àwọn oníbodè yóò rí i pé ìdábùú yìí pẹ̀lú ń sọ ìfohùnṣọ̀kan di àtakò, ó sì ń sọ àtakò di ìfohùnṣọ̀kan. Bí a bá fẹ́ kí ibi tí a ti ń ṣàkóso iná pọ̀ sí i, irú súwíìṣì àárín yìí ni a óò máa fi kún un, nígbà tí túwéè méjèèjì yóò máa dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀nà méjèèjì.

Ibi kan wà nínú àpèjúwe yìí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tún kà lẹ́ẹ̀kejì. A ti sọ pé nígbà tí àwọn oníbodè bá takora, arìnrìn-àjò ti rìn dé oríta kejì kí ó tó bá ẹnu ọ̀nà ní títì. Ìtumọ̀ èyí ni pé, bí gílóòbù tilẹ̀ kú, iná wà lára ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì tí ó so súwíìṣì pọ̀. Ó lè jẹ́ ti ọ̀tún, ó lè jẹ́ ti òsì. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà nínú ilé, kò sí ìgbà kan tí àwọn méjèèjì ṣófo. Ẹni tí ó bá tú súwíìṣì túwéè nítorí pé ó rí i pé gílóòbù ti kú, ẹlẹ́rìí èké ni ó gbà gbọ́. Àwọn àgbà wí pé iná èsìsì kì í jó ni lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹni tí ó bá jó lẹ́ẹ̀kan ti kọ́ ọgbọ́n. Ti mànàmáná yàtọ̀: ẹni tí ó bá mú lẹ́ẹ̀kan lè má rí àyè kọ́ ọgbọ́n náà.

Ìwà rere kejì tí àtùpà ní ni ó kàn. Ní àkọ́kọ́, bí a bá fẹ́ dín ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kù, ohun tí ń dí iná lọ́nà ni a máa ń fi sí ojú wáyà, pàápàá ní ilé ìṣeré níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbọdọ̀ máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ tóbi, ó sì léwu. Nítorí iná tí kò dé ọ̀dọ̀ gílóòbù kò lọ sí ibì kan, ooru ni ó ń dà, ooru náà sì lè dá iná sí ilé. Ní ọdún 1896, ọdún kan náà tí a kọ́kọ́ ṣe iná mànàmáná ní Èkó, Granville T. Woods, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó ṣe ọ̀pọ̀ ohun tuntun nípa mànàmáná, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí dímà kan tí ó ṣe láti dín ewu yìí kù. Ṣùgbọ́n dímà kò di ohun ilé gbígbé títí di ìgbà tí Joel Spira, ní ìlú New York, ní ọdún 1959, ṣe èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè wọ inú àpótí súwíìṣì tí ó wà lára ògiri.

Dímà òde òní kì í dí iná lọ́nà. Ṣe ni ó ń gé e. Iná tí ó ń wọ ilé ní Nàìjíríà kì í ṣàn sí apá kan bí odò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ka lílọ sí ẹsẹ̀ kan, tí a sì ka bíbọ̀ sí ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ 100 ni ó ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, dímà a ti ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, a sì ṣí i fún ìyókù. Bí a bá yí i kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ìgbà tí ó fi ń ti ọ̀nà á gùn sí i. Bí a bá yí i kí ìmọ́lẹ̀ le, ìgbà náà á kúrú. Nítorí pé èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú ènìyàn kò lè rí i. Kìkì pé ìmọ́lẹ̀ ti dín ni ó ń rí. Ìwọ̀nba iná tí gílóòbù ń lò ni ó ń jáde, nítorí náà ooru tí ń ṣòfò kéré púpọ̀ sí ti àtijọ́. Síbẹ̀, dímà a máa gbóná díẹ̀, kò sì yẹ kí a fi aṣọ tàbí àpótí dí i mọ́lẹ̀.

Bí a bá wá fẹ́ kí gílóòbù kan ní ìwà rere méjèèjì, kí ó gbọ́ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ó sì mọ ìwọ̀n, báwo ni a óò ṣe ṣe é? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé kí a yọ túwéè méjèèjì, kí a sì fi dímà méjì rọ́pò wọn. Èrò yìí dára létí, ṣùgbọ́n kò dára nínú ilé. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Bí dímà kìíní bá ti gé iná, ohun tí ó gé kù ni dímà kejì yóò bá, òun náà yóò sì fẹ́ gé e. Ẹni tí ó wà ní òkè lè yí tirẹ̀ títí dé òpin, ìmọ́lẹ̀ kò ní le, nítorí pé ti ìsàlẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Gílóòbù yóò máa ṣẹ́jú, dímà lè máa kùn bí oyin, ọ̀kan nínú wọn sì lè bàjẹ́.

Òfin náà nìyí: ọwọ́ púpọ̀ lè tan gílóòbù kan, ọwọ́ púpọ̀ sì lè pa á, ṣùgbọ́n dímà kan ṣoṣo ni kí ó máa wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Dímà kan ni a óò fi rọ́pò túwéè kan, a óò sì fi túwéè kejì sílẹ̀ bí ó ti wà. Dímà náà gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí a ṣe fún túwéè, tí ó ní ojú mẹ́ta. Èyí tí ó ní ojú méjì kò lè ṣe iṣẹ́ oníbodè. Ọ̀pọ̀ irú dímà bẹ́ẹ̀ ní orí róbótó tí a ń tẹ̀ tí a sì ń yí. Títẹ̀ ni ó ń yí ọ̀nà padà láti ọ̀tún sí òsì. Yíyí ni ó ń mú ìmọ́lẹ̀ le tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Nínú ètò yìí, ẹni tí ó bá tẹ túwéè lásán yóò bá ìmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n tí ẹni tí ó lo dímà gbẹ̀yìn fi í sí. Nítorí náà ni ibi tí a óò fi dímà sí fi gba àròjinlẹ̀. Nínú iyàrá, ó yẹ kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí túwéè sì wà ní ẹnu ọ̀nà. Nínú pálọ̀, kí ó wà ní ibi tí àwọn onílé ń jókòó pẹ́. Ní ti àtẹ̀gùn, ìṣọ́ra kò gbọdọ̀ kéré. Bí ẹnìkan ní òkè bá rẹ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó kù díẹ̀ kí ó kú, ìyá àgbà tí ó tẹ súwíìṣì ní ìsàlẹ̀ lè má rí etí àtẹ̀gùn, ó sì lè rò pé gílóòbù ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ dímà ni ó ní ibi kékeré kan tí oníṣẹ́ iná lè fi ṣe ìwọ̀n tí ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹ̀ kọjá. Lórí àtẹ̀gùn, kí a ṣe ìwọ̀n náà débi tí etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan yóò fi máa hàn kedere. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ó sàn kí a fi túwéè méjì lásán sílẹ̀ níbẹ̀, kí a sì lo dímà ní ibòmíràn.

Àwọn dímà ìgbàlódé kan tún wà tí ó dà bí ẹni pé wọ́n rú òfin yìí, nítorí pé a lè mú ìmọ́lẹ̀ le tàbí kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láti ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá wò wọ́n dáadáa, a óò rí i pé wọn kò rú u. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni dímà gan-an. Àwọn ìyókù kò ju ìránṣẹ́ lọ. Ìránṣẹ́ kì í gé iná. Ṣe ni ó ń jíṣẹ́ fún dímà pé kí ó ṣe báyìí tàbí báyìí. Ìránṣẹ́ tí a ṣe fún dímà kan kì í sábà gbọ́ èdè dímà mìíràn, nítorí náà a gbọdọ̀ ra wọ́n pọ̀, kí ìwé tí ó wà nínú páálí wọn sì sọ pé wọ́n bára mu.

Kí ènìyàn tó ra dímà, ohun mẹ́ta ni kí ó yẹ̀ wò. Èkíní ni irú gílóòbù tí ó wà nínú ilé. Gílóòbù àtijọ́ tí ó ní okùn wáyà tín-ín-rín nínú kì í bá dímà jà. Gílóòbù LED ti òde òní yàtọ̀: kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gba dímà, èyí tí ó bá gbà á ni a máa ń kọ «dimmable» sí lára tàbí sí ara páálí rẹ̀. Dímà tí a ṣe fún LED ni ó sì dára jù fún un. Èkejì ni ìwọ̀n ẹrù tí dímà lè rù. Dímà ní òkè tí kò gbọdọ̀ kọjá, ó sì ní ìsàlẹ̀ tí kò gbọdọ̀ já sí. Bí a bá kọ ọ́ sí ara dímà pé ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 60 wáàtì, tí gílóòbù LED mẹ́ta sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 7 wáàtì, àpapọ̀ wọn kò ju 21 wáàtì lọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa ṣẹ́jú, tàbí kí wọ́n má tàn rárá. Ẹ̀kẹta ni pé dímà gílóòbù kò wà fún fáànù, ẹ̀rọ omi tàbí fíríìjì. Mọ́tò tí ó wà nínú wọn lè gbóná jù lábẹ́ rẹ̀, kí ó sì jó. Fáànù ní ohun ìdarí tirẹ̀.

Ní ti fífi dímà sára ògiri, iṣẹ́ oníṣẹ́ iná tí ó kọ́ṣẹ́ ni. Ní Nàìjíríà, àjọ NEMSA, èyí tí òfin ọdún 2015 gbé kalẹ̀, ni ó ń ṣe àyẹ̀wò àwọn oníṣẹ́ iná, tí ó sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ tú súwíìṣì nílé láti dán ohun tí ó kà wò. Ṣùgbọ́n ó dára kí onílé àti ọmọ ilé mọ bí iṣẹ́ náà ti yẹ kí ó lọ, kí wọ́n lè mọ oníṣẹ́ tòótọ́ yàtọ̀ sí aláìbìkítà.

Oníṣẹ́ tòótọ́ a kọ́kọ́ lọ sí ibi tí iná ti ń wọ ilé, a sì gé e nípa bíréékà tàbí fíúsì. Kò ní gbẹ́kẹ̀ lé súwíìṣì ara ògiri. A sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò ní ṣèèṣì dá a padà nígbà tí òun ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń dúró de ìgbà tí «wọ́n bá mú iná lọ», kí wọ́n tó tú súwíìṣì. Àṣà ikú ni èyí. Iná tí a mú lọ láìsọ ìgbà, láìsọ ìgbà náà ni a óò mú un wá. Ilé tí ó sì ní jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì ńlá lè ní iná lára wáyà nígbà tí gbogbo àdúgbò wà nínú òkùnkùn. Gbogbo ọ̀nà tí iná lè gbà wọlé ni kí a gé.

Lẹ́yìn èyí, oníṣẹ́ náà a dán ohun èlò ìdánwò rẹ̀ wò lára ibi tí ó mọ̀ pé iná wà, kí ó tó fi kan wáyà tí ó fẹ́ fọwọ́ bà, a sì tún dán an wò lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun èlò tí ó ti kú yóò máa sọ pé kò sí iná níbi gbogbo. Kò ní gba àwọ̀ wáyà gbọ́ nìkan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, pupa ni láífù, dúdú ni níútírà. Nínú àwọn tí a ṣe ní òde òní, àwọ̀ búráùn ni láífù, àwọ̀ búlúù ni níútírà, èyí tí ó ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè ni áàtì tí ó lọ sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àpótí súwíìṣì, wáyà dúdú tàbí ti búlúù lè jẹ́ èyí tí iná ń gbà padà láti ọ̀dọ̀ súwíìṣì lọ bá gílóòbù, kí iná sì wà lára rẹ̀ bíi ti pupa.

Kí ó tó tú wáyà kankan, a fi àmì sí èyí tí ó wà ní ojú COM. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí ó bá dé ìdí dímà, wáyà yìí náà ni yóò so mọ́ ojú COM rẹ̀, yóò sì so méjì yòókù mọ́ L1 àti L2. Síbẹ̀, yóò ka ìwé dímà náà lákọ̀ọ́kọ́, nítorí àmì a máa yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ aṣe kan sí òmíràn. Bí a bá so wáyà COM mọ́ ibi tí kò yẹ, gílóòbù yóò máa gbọ́ ti súwíìṣì kan nígbà tí ó bá wu èkejì nìkan. Àmì yìí ni a fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ kò pé. Bí ojú súwíìṣì bá jẹ́ irin, áàtì gbọdọ̀ wà lára rẹ̀. Nígbà tí ó bá tó ti gbogbo rẹ̀ padà, tí ó sì dá iná padà, a dán ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò: títàn ní ìsàlẹ̀ àti pípa ní òkè, títàn ní òkè àti pípa ní ìsàlẹ̀. Kò sí èyí tí a lè fi ìkánjú ṣe nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń ni ni lára.

Báyìí ni gílóòbù ṣe gba ìwà rere méjèèjì tí àtùpà ní. Kò kúrò ní ibi tí a gbé e kọ́ sí, síbẹ̀ ó ń gbọ́ ìpè ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àti ti ẹni tí ó wà ní òkè. Kò ní òwú, síbẹ̀ a lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ tí ó ń sùn. Ilé tí oníṣẹ́ tòótọ́ bá ti ṣe é, tí onílé sì mọ̀ pé gílóòbù tí ó kú kì í ṣe ẹ̀rí pé wáyà ṣófo, ilé náà ti rí ìmọ́lẹ̀ gbà láìfi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni san owó rẹ̀.